Gbòǹgbò Pupa Tí Mo Fi Jẹ́rìí ní Ṣọ́ọ̀ṣì

Bí dókítà bá ti sọ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ dì sí yín lẹ́sẹ̀ tàbí láyà, tó sì kọ oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì fún yín, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ jókòó, ẹ kà á tán. Ẹ má kà á dé ìdajì kẹ́ ẹ wá ní ẹ ti gbọ́. Ìdajì lèmi náà gbọ́, ohun tí ìdajì yẹn fojú mi rí ni mo fẹ́ kọ.

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, mi ò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá tí mò ń kọ yìí, ẹ mú un lọ fún àwọn tó gba dìgírì, kí wọ́n wá àṣìṣe jáde nínú ẹ̀. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rìndínlógún tí mo ti wà ní Atlanta. Níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ òfurufú ní College Park ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Katapílà ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, àtọmọ Nàìjíríà àtọmọ Mẹ́síkò. Àpótí tí wọ́n kọ sí lára pé kí ọkùnrin méjì gbé, èmi nìkan ni mò ń gbé e, màá sì tún máa kọrin lọ. Mo kọ́lé sí ìlú mi, mo ra òmíràn sí Stone Mountain níbí. Tómi, ọmọ mi obìnrin, wà ní yunifásítì. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kẹ́ ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ẹsẹ̀ òsì ló bẹ̀rẹ̀. Ní ẹ̀yìn ojúgun, níbi tí ẹran ẹsẹ̀ pọ̀ sí, ó kàn ń dùn mí bí ìgbà tí iṣan bá fà. Mo ní bàtà iṣẹ́ ni. Mo fi ìpara gbígbóná ra á, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì, mo lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹrin, ó ti wú, awọ ibẹ̀ ń dán, tí mo bá gbé ọwọ́ lé e, ó gbóná bí ara ọmọ tó ní ibà.

Ìyàwó mi, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan, wo ẹsẹ̀ náà nígbà tí mò ń bọ́ bàtà.

"Bàbá Tómi, ẹsẹ̀ yìí ò dáa o. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́sibítù."

"Ó rẹ ẹsẹ̀ ni. Ṣé gbogbo ìgbà tó bá rẹ ẹsẹ̀ la ó máa gbé e lọ sọ́sibítù?"

"Ẹsẹ̀ kejì ńkọ́? Ṣé òun wà ní ìsinmi ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo tún ṣe ọ̀sẹ̀ kan lórí ẹsẹ̀ náà, shift méjì-méjì. Lọ́jọ́ kan, mò ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè níbi iṣẹ́, àtẹ̀gùn tí mo máa ń sáré gùn, ni èémí mi bá já. Ó dà bíi pé ẹnì kan wá jókòó sí mi láyà, tó sì gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀. Mo di irin mú. Wẹ́ńì, ará Ṣáínà tó ń wa ọkọ̀ ìkẹ́rù wa, fò sílẹ̀, ó fẹ́ pe ámúbúláǹsì. Mo ní kó má pè é. Èmi Katapílà, kí wọ́n wá gbé mi sórí bẹ́ẹ̀dì níwájú àwọn ọmọkùnrin tí mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́? Mo wa mọ́tò mi lọ fúnra mi. Dókítà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé orí sitẹrin yẹn gan-an ni ǹ bá kú sí.

Níbi tí wọ́n ti ń gba aláìsàn, èrò pọ̀. Obìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà bi mí pé kí ló ṣe mí. Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí díẹ̀. Àwọn èèyàn tò sẹ́yìn mi, ojú tì mí láti sọ pé mi ò lè mí. Nítorí náà wọ́n ní kí n lọ jókòó. Ọmọ tó gé ìka lọ síwájú mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wúkọ́ lọ síwájú mi. Mo jókòó títí, mò ń ka bílọ́ọ̀kù ara ògiri kí n lè gbàgbé àyà mi. Ìyàwó mi ló dé, tó wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan, tó pariwo mọ́ wọn lédè Òyìnbó pé ọkọ òun ò lè mí. Ìgbà yẹn ni wọ́n sáré.

Ẹ̀jẹ̀ ti dì sí mi lẹ́sẹ̀, èyí tó já níbẹ̀ ti gòkè lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mo lo ọjọ́ mẹ́fà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa jẹ́ kí n lọ, wọ́n fún mi ní oògùn kékeré kan, wọ́n ní ojoojúmọ́ ni, àsìkò kan náà. Lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀ ni wọ́n ó máa gún mi níka, ẹ̀rọ á sì sọ nọ́ńbà bí ẹ̀jẹ̀ mi ṣe ń ṣàn sí. Nọ́ńbà náà kò gbọ́dọ̀ kéré jù, kò gbọ́dọ̀ ga jù. Wọ́n ní ẹ̀fọ́ tí mò ń jẹ, kí n má jẹ ẹ́ pọ̀ lónìí kí n tún pa á tì lọ́la. Wọ́n ní ohunkóhun tí mo bá fẹ́ mu, kí n kọ́kọ́ sọ fún wọn. Nọ́ọ̀sì náà bi mí pé ṣé mò ń lo ewé tàbí egbò kankan. Mo ní rárá. Lóòótọ́ mi ò tíì máa lò ó nígbà yẹn. Ó fún mi níwèé tó gùn. Mo mi orí, mo ká a, mo fi sápò, mi ò kà á.

Mo padà sílé, ẹ̀rù sì bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀, èmi tí mo ti gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ olè rí. Ṣùgbọ́n olè, èèyàn rí i. Èyí tó wà nínú iṣan mi, mi ò rí i. Mo máa ń jókòó sórí àga, màá máa tẹ́tí sí èémí ara mi bí ìgbà tí èèyàn bá ń tẹ́tí sí ẹni tó ń rìn ní àjà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní àgbo kan wà, òun á fi rán ẹni tó ń bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, Amẹ́ríkà ni mo wà. Ohun tí wọn ò bá tíì fi ẹ̀rọ wò, mi ò ní fi sẹ́nu."

"Àgbo tí bàbá ẹ mu dàgbà?"

"Bàbá mi ò rí ẹ̀rọ nígbà yẹn."

Ó bínú, ó pa fóònù. Inú mi dùn sí èsì mi yẹn. Èsì yẹn náà ló mú mi.

Nígbà tí mo padà síbi iṣẹ́ tí wọ́n ní kí n máa ṣe díẹ̀-díẹ̀, Wẹ́ńì sọ fún mi pé ní ọ̀dọ̀ tiwọn, gbòǹgbò kan wà tí wọ́n fi ń lé ẹ̀jẹ̀ tó bá dúró sójú kan. Ó pè é ní dáńṣẹ́ńì. Mo délé, mo ní kí Tómi bá mi wò ó lórí kọ̀ǹpútà, nítorí ohun abẹ̀mí ló ń kọ́ ní yunifásítì.

Ó kà á fún mi, ó ń tú u sí Yorùbá tiẹ̀ tó máa ń já lórí ahọ́n. Ó ní ọjọ́ pẹ́ táwọn oníṣègùn Ṣáínà ti ń sọ pé ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá dúró sí ni ìrora máa ń wà, pé àfi kéèyàn lé e kó máa ṣàn. Ó ní àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti mú ọ̀rọ̀ náà báyìí, wọ́n ń yọ ohun tó wà nínú gbòǹgbò náà jáde, wọ́n ń dà á mọ́ ẹ̀jẹ̀ nínú gíláàsì, wọ́n ń fún eku mu, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ wo àwọn iṣan tó tín-ín-rín bí irun, bóyá ẹ̀jẹ̀ á ṣàn dáadáa níbẹ̀.

"Ó sì ṣàn?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀, Daddy. Wọ́n ṣì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n, wait, ibì kan wà nísàlẹ̀ níbí tó ní..."

"Ó ti tó. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ wò ó."

"Daddy, mi ò tíì kà á tán."

"Èmi ti gbọ́ ọ tán."

Ohun tí mo sọ nìyẹn. Mo dìde lórí àga.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo wa mọ́tò lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà Buford. Bàbá arúgbó kan ló wà níbẹ̀, dúrọ́ọ̀ kéékèèké kún ara ògiri látòkè délẹ̀. Ó mú gbòǹgbò náà wá. Ara rẹ̀ pupa bíi pé wọ́n fi osùn pa á, wọ́n sì ti gé e wẹ́wẹ́. Kí ó tó dì í, ó tẹ nǹkan sórí fóònù rẹ̀, ó yí i sí mi. Èdè Òyìnbó ni. Mo lè ka Òyìnbó tí wọ́n bá fún mi láyè, ṣùgbọ́n obìnrin méjì ti dúró sẹ́yìn mi, mi ò fẹ́ kí wọ́n rí i pé mò ń fi ẹnu pe lẹ́tà. Mo rí "hospital", mo rí "blood", mo sì mi orí pé rárá. Bàbá náà ṣì ń wo ojú mi. Ó tún yí fóònù náà sí mi lẹ́ẹ̀kejì. Mo tún mi orí. Ó dì í fún mi.

Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò lè sọ pé ẹnì kankan tàn mí.

Mò ń fi kẹ́tùlù sè é nínú gáréèjì, mo sọ fún ìyàwó mi pé tíì ni Wẹ́ńì fún mi. Mò ń mu ún láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, mo sì ń lo oògùn ọsibítù náà, nítorí mo rò pé méjì á dáa ju ọ̀kan lọ. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí ẹsẹ̀ mi fi fúyẹ́. Ara mi yá gágá, ojú mi dán. Mo gun àtẹ̀gùn ọjọ́sí yẹn pẹ̀lú àpótí lórí. Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n máa gún mi níka pé, mi ò lọ. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ẹni tí ara rẹ̀ ti yá!

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Stone Mountain. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé tí mo bá gba máìkì, kò sẹ́ni tó ń sùn. Mo sọ bí mo ṣe fẹsẹ̀ ara mi rìn kúrò lọ́wọ́ ikú. Mo sọ bí Ọlọ́run ṣe fi gbòǹgbò kan hàn mí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ayé ti fi ẹ̀rọ yẹ̀ wò. Mo mú un jáde lápò, mo gbé e sókè. Mo fò lẹ́ẹ̀mẹta lórí ẹsẹ̀ òsì nìkan. Wọ́n hó, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ìyàwó mi kò pàtẹ́wọ́. Ó tẹ̀ sí mi létí nígbà tí mo jókòó.

"Tíì Wẹ́ńì nìyẹn? Ṣé ẹ ti sọ fún dókítà?"

"Mo ti sọ fún un." Mi ò sọ fún un.

Lẹ́yìn ìsìn, Bọ̀dá Délé wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò mi. Mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín ẹni tí Bọ̀dá Délé jẹ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Redan ni mo dé sí nígbà tí mo wọ Atlanta, mi ò mọ ẹnì kan. Òun ló kọ́ mi ní mọ́tò wíwà lójú ọ̀nà Amẹ́ríkà. Bọ́ọ̀sì tó ń gbé àwọn arìnrìn-àjò láti pápákọ̀ òfurufú lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì ló ń wà. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́kàn rí, irú oògùn tí mò ń lò yẹn gan-an lòun náà ń lò, ó sì ti pẹ́ lórí ẹ̀ jù mí lọ. Mo mọ̀. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gé e sí méjì láìjẹ́ kó rún.

"Katapílà, o fẹ́ fẹsẹ̀ fọ́ pèpéle ṣọ́ọ̀ṣì fún wa lónìí."

"Bọ̀dá, ẹ ò rí nǹkan kan. Ẹ dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ṣé nǹkan yẹn dáa lóòótọ́? Ọwọ́ mi máa ń kú tí mo bá ti wakọ̀ pẹ́."

"Ẹ wò mí."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. Mo da ìdajì gbòǹgbò náà sínú ọ̀rá fún un. Mo sọ iye tó máa sè fún un bíi pé èmi ni dókítà. Ìyàwó rẹ̀, Àǹtí Yẹ́misí, kò sí níbẹ̀, nítorí òpin ọ̀sẹ̀ ni shift tiẹ̀ máa ń bọ́ sí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ibi tí mo ti ṣìṣe, ibẹ̀ yẹn ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò mi, ní ọ̀sán gangan, mò ń rẹ́rìn-ín.

Ara mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Tí mo bá fọ eyín, ẹ̀jẹ̀. Apá ibi tí àpótí kàn mí lára á dúdú bí ìgbà tí wọ́n da tàdáwà sí i. Mo ní ìyà iṣẹ́ ni. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo lọ tọ̀ níbi iṣẹ́, ohun tí mo rí dà bíi sóbò. Mo dúró, mò ń wò ó. Lọ́tẹ̀ yìí mo gbà kí Wẹ́ńì pe ámúbúláǹsì.

Wọ́n gún mi níka, ẹni tó ń ka nọ́ńbà náà pe ẹlòmíì kó wá bá òun kà á. Obìnrin kan wá lẹ́yìn náà, Dókítà Lin, ará Ṣáínà ni òun náà, òun ló ń yẹ oògùn àwọn aláìsàn wò níbẹ̀. Ó fa àga sún mọ́ mi. Ìyàwó mi sì dúró tì mí, ó ń túmọ̀ ibi tó bá le.

Ó ní, "Kí lẹ mu?"

Mo wo ìyàwó mi. Mo sọ ọ́.

Mo rò pé ó máa fi gbòǹgbò náà ṣe yẹ̀yẹ́, kí n lè bá a jà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní òun lo ọdún púpọ̀ nínú ìwádìí lórí gbòǹgbò yẹn gan-an kóun tó wá síbí, pé ìyá òun àgbà ń sè é.

"Ta ló sọ fún yín pé kò ṣiṣẹ́? Ó ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn, kì í sì í jẹ́ kí oògùn tiwa tètè kúrò lára. Ẹ fi ẹsẹ̀ méjì tẹ iná mọ́tò kan ṣoṣo, kò sí ẹsẹ̀ kankan lórí búrékì. Ó wà nínú gbogbo ìwé tí wọ́n kọ nípa rẹ̀. Ó máa ń wà nísàlẹ̀."

Nísàlẹ̀. Mo rántí Tómi níwájú kọ̀ǹpútà, tí mo dìde fi í sílẹ̀.

Dókítà Lin tún bi mí pé ṣé ẹlòmíì wà tí mo fún. Ìyàwó mi yíjú sí mi. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló rí mi tí mò ń fò. Bí mo bá dárúkọ Bọ̀dá Délé, wọ́n á pè é, á bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀, ìròyìn á tàn pé Katapílà tó jẹ́rìí ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń tọ ẹ̀jẹ̀. Mo ní tí mo bá ti jáde, màá lọ bá a jẹ́jẹ́, màá ní kó dá a dúró.

Mo ní, "Rárá. Kò sí ẹnì kankan."

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, fóònù mi dún. Òun ni.

"Katapílà! Wọ́n ní o wà lọ́sibítù. Ṣé kò le?"

"Kò le, Bọ̀dá. Iṣẹ́ ló pọ̀, ó rẹ̀ mí ni."

"Ìwọ? Kó rẹ̀ ọ́? Jẹ́ kí n sọ fún wọn ní College Park kí wọ́n tètè ti ibi iṣẹ́ pa." Ó rẹ́rìn-ín títí. "Oògùn rẹ yẹn ń ṣiṣẹ́ o. Ọwọ́ mi ò kú mọ́. Orí nìkan ló ń fọ́ mi láti àárọ̀."

Nọ́ọ̀sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń pa ọ̀rá omi dà. Ẹnu mi ṣí. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀. Kò gùn. "Ẹ má mu ún mọ́, ẹ máa bọ̀ lọ́sibítù báyìí." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ní, "Ẹ mu omi dáadáa, Bọ̀dá, kẹ́ ẹ sinmi."

Ó ní, "O ṣé. Mára le o."

Mo pè é ní ọjọ́ Ẹtì. Mo ti múra ohun tí mo máa sọ, mo tilẹ̀ ti fi àwàdà sí i. Àǹtí Yẹ́misí ló gbé fóònù. Ó ní Bọ̀dá ṣubú ní Ọjọ́bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì, pé ẹ̀jẹ̀ ti bo ọpọlọ rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ Sátidé.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ níbi ìsìn ìdágbére. Mo sọ̀rọ̀. Mo sọ bó ṣe gbà mí sílé, bó ṣe kọ́ mi ní mọ́tò. Àwọn èèyàn sunkún. Àǹtí Yẹ́misí di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá Tómi, ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni yín." Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Mo ṣì ń mọ̀ ọ́n lára ní ibi tó ti dì mí mú.

Mi ò sọ fún ẹnì kankan fún oṣù márùn-ún. Ìyàwó mi mọ̀ pé gbòǹgbò ló ṣe mí, kò mọ̀ pé mo fún ẹnì kan. Lásìkò yẹn, tí fóònù bá dún ní ọ̀sán, ara mi á le gbagidi. Ọmọkùnrin kan níbi iṣẹ́ ní orí ń fọ́ òun, mo gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi í jókòó, mo ń bi í pé kí ló mu, kí ló mu, títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bí ẹni tó ya wèrè. Bí mo bá wà lórí àga mi nílé, kì í ṣe èémí mi ni mò ń tẹ́tí sí mọ́. Ẹ̀rín rẹ̀ ni. Ó máa ń rẹ́rìn-ín dé ibi tó ti fẹ́ sọ ti orí, á wá dákẹ́.

Àǹtí Yẹ́misí pè mí lọ́jọ́ kan pé kí n wá bá òun gbé fírísà kúrò nínú kíṣíìnì. Mo gbé e. Bí mo ṣe ń nu ọwọ́, ó fa ọ̀rá kan jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù.

"Bàbá Tómi, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Inú àpò iṣẹ́ rẹ̀ ni mo ti rí i. Ó jọ egbò tíì. Mo fẹ́ sè é mu, mo ní kí n kọ́kọ́ béèrè."

Ọ̀rá tèmi ni. "Mi ò mọ̀ ọ́n" ti dé ètè mi, mo fi Ọlọ́run búra, ó ti dé ètè mi. Mo gbé e mì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí táìsì kíṣíìnì náà.

"Háà! Ẹ dìde! Kí ló dé?"

Mi ò dìde. Ilẹ̀ ni mo wà tí mo ti sọ gbogbo rẹ̀, láti ṣọ́ọ̀bù títí dé Ọjọ́rú. Nígbà tí mo dé Ọjọ́rú, ó jókòó.

Ó ní, "Ó gbé fóònù sí sípíkà lọ́jọ́ yẹn. Mò ń gé ilá lọ́wọ́. Mo gbọ́ ohùn yín. Nígbà tó pa á, mo bi í pé oògùn wo ni. Ó ní ọ̀rọ̀ àwa ọkùnrin ni." Ó ń wo ọ̀rá náà. "Mo rò pé oògùn ọkùnrin ni, Bàbá Tómi. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín."

Mo ń bẹ̀ ẹ́. Ó bi mí pé, "Níbo lẹ ti kọ́kọ́ sọ ọ́?"

"Ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lórí máìkì."

"Ẹ lọ sọ èyí náà níbẹ̀."

Mo sọ fún ìyàwó mi nígbà tí mo délé, ó sunkún, kò bá mi jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo lọ bá pásítọ̀. Ó ní ìjẹ́rìí wà láti gbé ìgbàgbọ́ ró, pé tí mo bá sọ irú èyí, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì, kí a kàn máa gbàdúrà fún ìdílé náà. Mo ní, "Ẹ ṣeun sà." Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó ní ẹ̀rí jáde, mo tò. Ẹni tó ń pín máìkì nà án sí mi tayọ̀tayọ̀, ó mọ̀ pé ẹ̀rí mi máa ń dùn.

Àǹtí Yẹ́misí wà lẹ́yìn pátápátá, ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo sọ ọ́ tán. Mo sọ ti fóònù arúgbó oníṣọ́ọ̀bù yẹn, mo sọ pé mi ò lè tètè kà á. Mo sọ irọ́ tí mo pa fún Dókítà Lin. Mo sọ "Ẹ mu omi dáadáa, Bọ̀dá." Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Mo dá máìkì padà fúnra mi, nítorí ẹni tó yẹ kó gbà á kò sún mọ́ mi.

Nígbà tí mo jáde síbi ìgbọ́kọ̀sí, mo rò pé wọ́n á sá fún mi. Màmá kan ló kọ́kọ́ dé, ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú ìgò kan jáde. "Bàbá Tómi, mo ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé eléyìí náà wà níbẹ̀?" Ẹlòmíì mú oògùn aáyù wá. Ẹlòmíì, atalẹ̀ tí wọ́n lọ̀. Bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi, tó gba ìwé jù mí lọ ìlọ́po mẹ́wàá, fa ọ̀rá pupa kan jáde nínú kóòtù rẹ̀, ó ní ọjọ́ tí mo jẹ́rìí lòun lọ rà á. Wọ́n yí mi ká, wọ́n ń na nǹkan sí mi. Mi ò mọ èsì ẹyọ kan. Mo ń sọ fún wọn pé, "Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó kọ oògùn yín. Ẹ dárúkọ rẹ̀. Ẹ má tijú." Láti àárín wọn ni mo ti rí mọ́tò Àǹtí Yẹ́misí tó ń jáde lọ sí shift.

Ara mi nìyí báyìí. Mo ṣì ń lo oògùn náà, nọ́ńbà mi sì dúró dáadáa. Ẹsẹ̀ òsì máa ń wú tó bá di ìrọ̀lẹ́, mo ń wọ ìbọ̀sẹ̀ tó fún. Wọn ò jẹ́ kí n gbé ẹrù mọ́, mò ń yẹ nọ́ńbà ara àpótí wò ni, mo sì ń ṣe é dáadáa ju àwọn tó wà níbẹ̀ kí n tó dé. Mi ò bú gbòǹgbò àwọn ará Ṣáínà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọjọ́ kan, nínú ìwádìí tí irú Dókítà Lin ń ṣe, wọ́n á rí ọ̀nà tó máa gbà wo ẹni bíi tèmi sàn. Títí di ìgbà náà, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ ò bá lè kà á, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kà á tán fún yín. Bí ẹ bá sì ti fún ẹnì kan ní nǹkan, tí ọkàn yín ń sọ fún yín pé ó yẹ kẹ́ ẹ pè é, ẹ pè é báyìí, kẹ́ ẹ tó parí ìwé yìí.

Àǹtí Yẹ́misí ṣì ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ní àwọn Ọjọ́ Àìkú tí kò bá níṣẹ́. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Oṣù mẹ́rin ló fi kọjá mi láìwo ojú mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dúró díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀," ó sì wọlé. Mi ò tẹ̀lé e.